IYÈ ÀTI ÀKÁ: ÀLÀYÉ LÓRÍ ORÍṢI MẸ́MỌ́RÌ KỌ̀ǸPÚTÀ, PẸ̀LÚ ÀPẸẸRẸ LÁTI ÒṢÒDÌ ÀTI ÌSỌLỌ̀

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn oníbàárà ń lò ní àwọn ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni mẹ́mọ́rì. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò gba àwòrán mọ́ yóò ní mẹ́mọ́rì rẹ̀ ti kún. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń wọ́ bí ìgbín yóò ní kí wọ́n bá òun fi mẹ́mọ́rì kún un. Ẹni tí ó fẹ́ kó orin àti fíìmù sínú fóònù yóò béèrè mẹ́mọ́rì, wọn yóò sì na ègé pẹlẹbẹ kan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò sí i. Orúkọ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pè, ṣùgbọ́n ohun tí ẹni àárín ń béèrè yàtọ̀ pátápátá sí ti àwọn méjì yòókù. Alátùn-únṣe mọ ìyàtọ̀ náà nítorí pé òun ni ó ń tú ẹ̀rọ. Oníbàárà ni kò mọ̀ ọ́n, òun sì ni àìmọ̀ náà ń pa lára.

Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà pa á lára. Èkíní ni pé ó lè gbà pé ẹ̀rọ ti tọ́jú ohun tí ẹ̀rọ kò tọ́jú rárá. Èkejì ni pé ó lè gbà pé ẹ̀rọ ti gbàgbé ohun tí ó ṣì wà nínú rẹ̀ digbí, kí ó sì ta ẹ̀rọ náà fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé àwọn oríṣi mẹ́mọ́rì inú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń rántí àti bí ó ṣe ń gbàgbé, nítorí pé níbi ìgbàgbé gan-an ni ìyàtọ̀ wọn ti hàn jù.

Èdè Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ tí ó lè ya ohun wọ̀nyí sọ́tọ̀. Iyè ni ohun tí ènìyàn fi ń rántí nǹkan. Oníyè ni ẹni tí kì í tètè gbàgbé, ìsọyè sì ni oògùn tí àwọn àgbà ń lò fún ọmọ tí ẹ̀kọ́ kì í dúró nínú rẹ̀. Àká ní tirẹ̀ ni ilé tí àgbẹ̀ ń kó ọkà sí di ìgbà tí yóò bá nílò rẹ̀. Iyè kò sí lẹ́yìn ẹni tí ó ni ín, ṣùgbọ́n àká wà níbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé olóko sùn tàbí pé ó jí. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò sí lára iṣẹ́ tí ó dáwọ́ lé. Nítorí náà, ọjà ni ó sọ mẹ́mọ́rì lórúkọ, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ọ̀mọ̀wé, ọjà kì í sì í sábà bìkítà fún ìyàtọ̀ tí kò kan owó. Nínú àlàyé tí ó tẹ̀lé èyí, iyè ni orúkọ mẹ́mọ́rì tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àká sì ni orúkọ ibi tí ó ń kó nǹkan pamọ́ sí.

Iyè

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí kọ̀ǹpútà fi nílò ju oríṣi mẹ́mọ́rì kan lọ, kí ó wo obìnrin tí ń ta ọjà lẹ́bàá ọ̀nà ní Òṣòdì. Ìwọ̀nba ni ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ń nà sí èrò inú ọkọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Èyí tí ó pọ̀ díẹ̀ sí i wà lórí àtẹ tí ó gbé kalẹ̀ nítòsí. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ wà ní ilé ìkẹ́rùsí, ibẹ̀ sì jìnnà. Bí ó bá ní láti sáré lọ sí ilé ìkẹ́rùsí fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, kò ní í rí nǹkan kan tà. Bí ó bá sì gbìyànjú láti gbé gbogbo ọjà náà lọ́wọ́, kò ní í lè rìn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nínú kọ̀ǹpútà. Inú ẹ̀yà tí ó ń ṣe ìṣirò gan-an ni àwọn ààyè tín-ń-tín kan wà tí ó dàbí ọwọ́ obìnrin náà, mẹ́mọ́rì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní cache sì wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn. RAM ni àtẹ. Hard disk ni ilé ìkẹ́rùsí. Ìyàtọ̀ ìyára wọn kò kéré. Láti mú nǹkan nínú RAM kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Láti mú un lórí hard disk tí ń yí lè gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Bí nínawọ́ sí àtẹ bá gba ìṣẹ́jú kan, ìrìn àjò sí ilé ìkẹ́rùsí yóò gba ju oṣù méjì lọ. Ìdí nìyí tí fífi RAM kún kọ̀ǹpútà tí ń wọ́ fi ń mú un yá: àtẹ ni ó fẹ̀ sí i. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ẹni tí ó san owó rẹ̀ fi ń bínú padà wá nígbà tí ó rí i pé ààyè àwòrán òun kò fi ìka kan pọ̀ sí i.

Àfiwé yìí tún dé ibòmíràn. Nígbà tí àwọn agbófinró bá ya dé sí ẹ̀bá ọ̀nà, ohun tí ó wà lórí àtẹ ni wọ́n ń kó lọ. Èyí tí ó wà ní ilé ìkẹ́rùsí kò mì. Bí iná bá lọ lára kọ̀ǹpútà, RAM ni ó ń ṣófo.

Ìdí tí ó fi ń ṣófo wà nínú bí wọ́n ṣe dá a. Robert Dennard, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, ni ó ronú kan irú RAM tí ó wọ́pọ̀ jù lónìí ní 1966, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1968. Transistor kan àti kapásítọ̀ kan ni ó tó fún ẹyọ ìsọfúnni kan, ìyẹn bit, tí kò lè jẹ́ ju òdo tàbí oókan lọ. Kapásítọ̀ náà ni ó ń gba iná dúró: bí iná bá wà nínú rẹ̀, oókan ni; bí kò bá sí, òdo ni. Ṣùgbọ́n agbè tí ń jò ni kapásítọ̀ yìí. Kí omi inú rẹ̀ má baà gbẹ, ẹ̀rọ ní láti máa ka ohun tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa bu omi mìíràn sí i. Ó sábà máa ń ṣe èyí fún gbogbo wọn pátá láàárín ìdá 64 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn ni pé ó ń ṣe é ju ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kí ènìyàn tó sọ pé “ó dàárọ̀”. Nítorí náà, kì í ṣe pé iyè yìí ń rántí bí òkúta ṣe ń gba àmì dúró. Ńṣe ni ó ń tún ohun tí ó mọ̀ sọ fún ara rẹ̀ láìsinmi, bí ọmọ ilé-kéú tí ń ka wàláà.

Ẹ̀yà tí Intel gbé jáde ní 1970, tí wọ́n pè ní 1103, ni ó kọ́kọ́ mú RAM tí ń fẹ́ àbùsí omi bí èyí tà dáadáa lọ́jà. Bit 1,024 péré ni ó ń gbà. Ju mílíọ̀nù 67 irú rẹ̀ ni wọn ìbá tò pọ̀ kí ó tó di RAM 8 GB tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò jọ ẹnikẹ́ni lójú mọ́. Oríṣi RAM kejì wà tí kò nílò àbùsí omi, nítorí pé transistor mẹ́fà ni ó sábà ń lò fún bit kan, tí wọ́n ń di ara wọn mú. Ó yá ju ti Dennard lọ, ó sì wọ́n, nítorí náà inú cache ni wọ́n ń lò ó sí. Òun náà kò lè dúró láìsí iná.

Àwọn tí ń tẹ ìwé fún ará ìlú ní Ìsọlọ̀ mọ ẹ̀kọ́ yìí kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ RAM. Ọdún 2005 ni NEPA ti kúrò lórúkọ, tí PHCN gba ipò rẹ̀. Ní 2013 ni PHCN náà fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, ṣùgbọ́n NEPA ni ará ìlú ṣì ń pe iná. Láàárín ìgbà tí iná bá lọ sí ìgbà tí ẹ̀rọ amúnáwá bá dáhùn, kò sí ohun tí ó ń bu omi sí agbè. Ojú ewé mẹ́wàá tí akọ̀wé ti tẹ̀ tí kò tíì tọ́jú ti di asán. Ohun tí “save” jẹ́ kò ju èyí lọ: kíkó ohun tí ó wà lórí iyè lọ sí inú àká. Bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká àti àwọn ètò ìkọ̀wé tí ń tọ́jú iṣẹ́ fúnra wọn ti dín ìpalára yìí kù púpọ̀, dé ibi pé àwọn ọ̀dọ́ kan kò mọ̀ mọ́ pé iyè àti àká kì í ṣe ohun kan náà.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìgbàgbé RAM jẹ́ ti ẹsẹ̀kẹsẹ̀. Ní 2008, Alex Halderman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Princeton fi hàn pé ohun inú RAM lè wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lẹ́yìn tí iná ti lọ, àti pé bí wọ́n bá mú un tutù gidigidi, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n rí kọ́kọ́rọ́ àṣírí kà nínú rẹ̀. Agbè tí ń jò kì í gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà.

Iyè àbímọ́

ROM kò gba àlàyé púpọ̀. Nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara kọ̀ǹpútà, RAM rẹ̀ ṣófo, nítorí náà kò lè mọ ibi tí àká wà, áńbọ̀sì kí ó ṣí i. Ìmọ̀ kékeré kan gbọ́dọ̀ ti wà nínú rẹ̀ láti ilé tí wọ́n ti ṣe é, bí ọmọ tuntun ṣe mọ ọmú mu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. ROM ni ó ń gba ìmọ̀ náà dúró. Láyé àtijọ́, ohun tí wọ́n bá kọ sí i kò ṣe é yí padà rárá. Ní 1971, Dov Frohman ní Intel ṣe irú kan tí ó ní fèrèsé gíláàsì lórí, tí wọ́n lè fi ìtànṣán ultraviolet pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n sì tún un kọ. Lónìí, flash ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí, ó sì ṣe é tún kọ, tí ó fi jẹ́ pé orúkọ ROM ti ń di orúkọ lásán. Àṣìpè kan wà tí ó yẹ ní àkíyèsí: nínú ìpolówó fóònù, ROM ni wọ́n sábà máa ń kọ fún ààyè tí àwòrán àti orin ń lọ. Àká ni ìyẹn.

Àká

Ìyàtọ̀ iyè àti àká kò fi gbogbo ìgbà le tó bí ó ti le lónìí. Láti nǹkan bí àárín ọdún 1950 títí di àárín ọdún 1970, òrùka kéékèèké tí ó ń gba agbára òòfà ni iyè ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá, tí wọ́n fi wáyà gba inú wọn kọjá bí ẹní tí wọ́n hun. Irú kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà ni àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ lórí rẹ̀, nígbà tí IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Bí iná bá lọ, òrùka wọ̀nyí kò gbàgbé. Iyè tí ó ń ṣe bí àká ni. Ó kàn jẹ́ pé ó wọ́n, ó sì gba ààyè, Intel 1103 àti àwọn àbúrò rẹ̀ sì lé e kúrò lọ́jà. Ìgbàgbé ni ayé fi ra ọ̀pọ̀ àti ọ̀pọ́kú.

Hard disk àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ni èyí tí ó wà lára ẹ̀rọ RAMAC tí IBM gbé jáde ní 1956. Àwo 50 ni ó ní, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 24, gbogbo ohun tí ó sì lè gbà kò ju lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Àwòrán kan tí fóònù yà lónìí lè kún un. Ọgbọ́n rẹ̀ kò tíì yí padà. Àwo ń yí, orí kékeré kan ń fò lórí rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, agbára òòfà ni ó sì fi ń kọ̀wé. Nítorí èyí, bí iná tilẹ̀ lọ fún ọdún púpọ̀, ìwé náà wà níbẹ̀. Ìjálulẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀.

Flash ni ó wà nínú fóònù, nínú káàdì àti nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun. Fujio Masuoka ti ilé-iṣẹ́ Toshiba ní Japan ni ó kéde rẹ̀ ní 1984, tí oríṣi rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NAND sì tẹ̀lé e ní 1987. Iná díẹ̀ ni wọ́n ń tì mọ́ inú yàrá kan tí kò ní ilẹ̀kùn, iná náà sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ògiri ni wọ́n ń gbà tì í wọlé, ògiri kan náà ni wọ́n sì ń gbà fà á jáde, nítorí náà bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́ tó ni ògiri náà ń gbó tó. Kò sì ṣe é pa rẹ́ lẹ́yọ lẹ́yọ. Odidi agbo kan ni ó ń lọ pọ̀. Ẹ̀yà olùdarí inú rẹ̀ wá ń pín ìyà náà káàkiri: bí ènìyàn bá ní òun fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, ibòmíràn ni olùdarí náà ń kọ ọ́ sí, kí ògiri ibì kan má baà tètè gbó. Ọ̀rọ̀ yìí yóò padà wá níwájú.

Olùdarí yìí kan náà ni àwọn oníjìbìtì ń kọ́ ní irọ́. Káàdì tí ó ń gba 8 GB ni wọn yóò kọ 128 GB sí lára, wọn yóò sì kọ́ olùdarí rẹ̀ láti jẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà gbà á gbọ́, nítorí pé olùdarí nìkan ni ó lè bi. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé títí 8 GB fi pé. Lẹ́yìn náà, káàdì náà lè máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, tàbí kí ó máa da ohun tí wọ́n fún un nù, ṣùgbọ́n ìwé orúkọ ṣì ń fi gbogbo fọ́tò hàn pé wọ́n pé. Ọjọ́ tí ẹni náà bá fẹ́ ṣí fọ́tò ìsìnkú ìyá rẹ̀ ni ó ń mọ̀. Kò sí bí ojú ṣe lè fi dá a mọ̀ dájú. Ohun tí ó dájú ni kí wọ́n kún káàdì náà dé ẹnu lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, kí wọ́n sì kà á padà. Ètò H2testw àti F3, tí kò gba owó, ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Àká tí ó jẹ́ òtítọ́ pàápàá lè wó. Ní oṣù kìíní 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó ọjà Owónifáàrí ní Òṣòdì, wọ́n sì ní kí àwọn ọlọ́jà kó lọ sí Ìsọpákódòwò. Ẹni tí ìwé gbèsè àti orúkọ oníbàárà rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní ìsọ̀ kan ṣoṣo kò ní àká ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀dà kejì tí ó wà lábẹ́ òrùlé kan náà kò sàn ju èkíní lọ.

Ìparẹ́ tí kì í ṣe ìparẹ́

Ọ̀nà tí ó ti Àpápá àti Tin Can wá, tí ó gba Mile 2 àti Ìsọlọ̀ kọjá sí Òṣòdì kí ó tó já sí apá Ìkẹjà, ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ti gbà dé ọjà Ọ̀tígbà tí wọ́n ń pè ní Computer Village. Tòkunbọ̀ jẹ́ orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi kí ó tó di orúkọ ọjà, ó sì bá kọ̀ǹpútà mu ju bí ẹni tí ó kọ́kọ́ lò ó ti rò lọ: ọmọ tí ó ti òkun bọ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú ohun tí ó ti mọ̀. Ní 2005, Basel Action Network, ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà, ra àwọn hard disk ní Èkó, wọ́n sì kó wọn lọ fún àyẹ̀wò. Ìsọfúnni àdáni àwọn tí ó ti lò wọ́n rí ni wọ́n bá nínú wọn, wọ́n sì gbé ìròyìn wọn jáde lọ́dún náà pẹ̀lú àkọlé The Digital Dump. Kì í ṣe Èkó ni ẹ̀bi náà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí Simson Garfinkel àti Abhi Shelat tẹ̀ jáde ní 2003, hard disk àlòkù 158 ni wọ́n rà ní Amẹ́ríkà. 129 ni ó ṣiṣẹ́. 12 péré ni wọ́n rí tí wọ́n pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ bí ó ti yẹ.

Ohun tí ó fà á ni ọ̀nà tí àká ń gbà gbàgbé. Orí hard disk ni ìwé orúkọ wà, tí ó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Nígbà tí ènìyàn bá ní kí ẹ̀rọ pa ìwé kan rẹ́, orúkọ ni ẹ̀rọ ń fagi lé. Ọkà ṣì wà nínú àká. Ẹfun tí wọ́n fi sàmì sí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n nù. “Format” aláyára náà kò ṣe ju kí ó gbé ìwé orúkọ tuntun kalẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ètò ìwákiri yóò kó gbogbo ọkà náà padà. Kí hard disk tó gbàgbé lóòótọ́, wọ́n ní láti kọ nǹkan mìíràn bo gbogbo ojú rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ìgbà méje ni ó yẹ, ṣùgbọ́n ìlànà tí ilé-iṣẹ́ NIST ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2014 fara mọ́ ọn pé ẹ̀ẹ̀kan tó fún hard disk òde òní.

Flash kò gba irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀, nítorí olùdarí tí ń kọ tuntun sí ibòmíràn. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California ní San Diego fi hàn ní 2011 pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa ìwé kọ̀ọ̀kan rẹ́ lórí hard disk kò kápá rẹ̀ lórí flash. Bí ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìsọlọ̀ bá wá fẹ́ ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó bi alátùn-únṣe ni irú àká tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìṣọ́ra nìkan: láti oṣù kẹfà 2023 tí Ààrẹ ti fọwọ́ sí òfin ààbò ìsọfúnni ní Nàìjíríà, ojúṣe ẹni tí ó gba ìsọfúnni ẹlòmíràn ni láti dáàbò bò ó.

Ọ̀nà tí àwọn fóònù tuntun ń gbà gbàgbé yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ ohun gbogbo sínú àká ní àrokò, tí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo lè tú, kò pọn dandan mọ́ kí wọ́n pa ohun inú àká rẹ́. Nígbà tí ẹni tí ó ni fóònù bá ní kí ó padà sí bí ó ti rí láti ilé-iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ náà ni fóònù ń sọ nù. Ìyókù wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè kà á. Láti Android 10, tí ó jáde ní 2019, ni Google ti sọ àrokò yìí di dandan fún gbogbo fóònù tuntun tí ó bá ń bá a jáde. Fóònù àlòkù tí ó ti wà ṣáájú, tí wọ́n ṣì ń tà, lè ní i, ó sì lè máà ní i. Káàdì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í sábà sí lábẹ́ àrokò náà rárá, nítorí náà ńṣe ni kí ẹni tí ń ta fóònù yọ ọ́ sápò kí ó tó gba owó.